Kí Ẹ Tó Gbẹ́ Kànga Mìíràn: Bí Àdúgbò Ṣe Lè Ṣètò Omi Tó Ní, Láti Orí Òrùlé Dé Etí Òkun

Nígbàkigbà tí omi bá ti wọ́n, kànga dẹ̀rọ ni gbogbo ẹnu máa ń sọ. Olóṣèlú á ṣèlérí rẹ̀, ẹgbẹ́ aláàánú á gbówó kalẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Kò ní pẹ́ tí rọ́bà kékeré kan á fi já nínú ẹ̀rọ náà. Sípánà tí wọ́n á fi tú u kò sí, owó tí wọ́n á fi ra òmíràn kò sí, ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn gan-an kò sí, ni àwọn obìnrin bá tún gbé korobá wọn, ó di odò. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ omi ló ti dákẹ́ báyìí káàkiri àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà, bẹ́ẹ̀ omi wà lábẹ́ wọn.

Ọ̀wọ́n omi kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ pé omi kò sí. Lọ́pọ̀ ìgbà, ètò ni kò sí. Òótọ́ ni pé nǹkan bí ìdá 97 nínú ọgọ́rùn-ún omi ayé ló jẹ́ omi òkun oníyọ̀, tí yìnyín sì di èyí tó pọ̀ jù mú nínú ìwọ̀nba tó kù. Òótọ́ sì ni pé Àpéjọ Gbogboogbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti kéde lọ́jọ́ 28 oṣù Keje ọdún 2010 pé omi mímu jẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn. Ìkéde kì í pọnmi wálé fún ẹnikẹ́ni ṣá. Nítorí náà, mo to àwọn ìgbésẹ̀ yìí bí mo ṣe rò pé ó yẹ kí àdúgbò, abúlé tàbí ilé ìwé tò wọ́n: gbígbẹ́ kànga tuntun fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀yìn nínú wọn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ iye omi tí ẹ ní

Ẹ wá ìwé kan tí kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo, kí ẹ kọ gbogbo ibi tí omi ti ń wá sínú rẹ̀: kànga, odò, ìsun, ẹ̀rọ ìjọba, òjò, títí kan ẹni tó ń fi ọmọlanke tà á. Ẹ kọ iye ènìyàn tó ń mu níbẹ̀ àti oṣù tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa ń gbẹ.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọ̀n wọ́n. Ẹ gbé korobá tó gba lítà 20 sábẹ́ ẹ̀rọ, kí ẹ wo aago. Tó bá kún ní ìṣẹ́jú àáyá 80, lítà 15 ni ẹ̀rọ náà ń tú jáde ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀rọ afọwọ́fà tó ṣe dáadáa máa ń mú nǹkan bíi lítà 17 wá ní ìṣẹ́jú kan. Bí wọ́n bá fà á fún wákàtí 8 lóòjọ́ láìsinmi, lítà 8,160 nìyẹn. Tí ènìyàn 500 bá pín in, kò tó lítà 17 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Irú ìṣirò báyìí ló ń fi hàn pé ìjà tó ń ṣẹlẹ̀ nídìí ẹ̀rọ kì í ṣe ìwà àwọn tó ń pọnmi; omi ibẹ̀ ni kò kárí wọn.

Ti kànga rọrùn. Ẹ fọ òkúta kan mọ́, ẹ so ó mọ́ okùn mímọ́, kí ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ títí tó fi kanlẹ̀. Ibi tó gbẹ lára okùn ń sọ bí omi ṣe jìn sí, ibi tó tutù ń sọ bí omi ṣe pọ̀ tó. Ẹ máa ṣe é lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ní ìdájí kí ẹnikẹ́ni tó fami, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú déètì. Tí àkọsílẹ̀ náà bá ti pé ọdún méjì, ẹ fi oṣù kan wé irú oṣù kan náà lọ́dún tó kọjá. Bí omi bá ń lọ sísàlẹ̀, ẹ̀ ń fà ju èyí tí òjò ń dá padà lọ, kànga tuntun lórí omi abẹ́ ilẹ̀ kan náà á kàn mú kó tètè gbẹ ni.

Kí lẹ máa fi wọ́n wé? Nígbà pàjáwìrì, lítà 15 fún ènìyàn kan lóòjọ́ ni àwọn aṣèrànwọ́ káàkiri àgbáyé fi ń ṣe ìwọ̀n tó kéré jù. Lítà 20 á gbọ́ mímu, oúnjẹ àti ìwẹ̀ díẹ̀. Kí ènìyàn tó lè fọṣọ, kó wẹ̀, kó sì tọ́jú ilé láìsí ìnira, ó fẹ́ tó lítà 50 sí 100. Ẹ ka àkókò náà mọ́ ọn: tí àlọ àti àbọ̀ pẹ̀lú títò sórí ìlà bá ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, àwọn ènìyàn á dín omi tí wọ́n ń pọn kù, ọwọ́ fífọ̀ ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ fi sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ dí ihò

Ẹ gbé ife sábẹ́ gbogbo ẹ̀rọ tó bá ń kán fún wákàtí kan, kí ẹ fi 24 sọ iye tó wà nínú rẹ̀ di púpọ̀. Ẹ kọ ọ́ sí ara ògiri kí gbogbo ènìyàn rí i. Fún páìpù tó wà nínú ilẹ̀, ẹ ti gbogbo ẹnu ẹ̀rọ lóru, kí ẹ wo bóyá omi inú táǹkì á dín kù kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ní ọdún 2018, ìlú Cape Town ní Gúúsù Áfíríkà fẹ́rẹ̀ẹ́ ti ẹ̀rọ omi pa pátápátá nítorí ọ̀dá. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kejì, lítà 50 ni wọ́n fi lélẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lóòjọ́. Wọ́n dín agbára tí omi fi ń sáré nínú páìpù kù kí jíjò lè dín kù, àwọn ará ìlú sì ń fi omi tí wọ́n ti fi wẹ̀ da ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dé ìgbà òjò, ọjọ́ tí wọ́n ń bẹ̀rù kò sì dé.

Ẹ̀yin náà lè fún omi níṣẹ́ méjì kí ẹ tó dà á nù: omi ìwẹ̀ fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀, omi ìfọṣọ fún ìdí igi. Ẹ má ṣe dà á sórí ewébẹ̀ tí ẹ óò jẹ ní tútù.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ gba òjò

Àwọn àgbà ní omi tí ènìyàn á mu kò ní ṣàn kọjá rẹ̀. Ẹ lọ wo ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ nígbà òjò, ẹ óò rí i bó ṣe ń ṣàn kọjá.

Òjò tó bá ga ní mìlímítà kan lórí mítà kan níbùú àti lóròó máa ń jẹ́ lítà kan gẹ́ẹ́. Ẹ wọn ìbú àti òró ilẹ̀ tí òrùlé bò. Tó bá jẹ́ mítà 8 sí mítà 5, mítà 40 níbùú-lóròó nìyẹn. Níbi tí òjò ọdún kan bá ti jẹ́ mìlímítà 600, ẹ óò ní lítà 24,000. Ẹ yọ ìdá kan nínú márùn-ún sílẹ̀ fún èyí tó máa ta dànù tàbí tí oòrùn máa fà, ó ku 19,200. Ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà tó ń lo lítà 20 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan á fi 160 ọjọ́ lò ó, bí wọ́n bá rí ibi gbé gbogbo rẹ̀ sí.

Ibi tá a máa gbé e sí yẹn ni owó wà. Ẹ má ṣe fẹ́ fi táǹkì gba gbogbo òjò. Ẹ ka ọjọ́ tí òjò kì í rọ̀ lẹ́bàá yín, kí ẹ fi omi mímu àti ti oúnjẹ nìkan ṣírò rẹ̀. Lítà 5 fún ènìyàn mẹ́fà jẹ́ 30 lóòjọ́. Oṣù mẹ́rin gbígbẹ á gba lítà 3,600. Táǹkì lítà 4,000 tó. Fífọ̀ àti ìwẹ̀ lè máa ti ibòmíràn wá.

Òrùlé páànù ló dára jù. Ẹ má ṣe gba omi mímu lórí òrùlé tí wọ́n fi ọ̀dà olójé kùn, tàbí ti koríko. Ẹ fi gọ́tà tó dagun díẹ̀ sí ọ̀nà táǹkì yí i ká. Òjò àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọ̀dá máa ń fọ ìgbẹ́ ẹyẹ àti eruku wá. Ẹ jẹ́ kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ rẹ̀ ṣàn lọ kí ẹ tó da ẹnu páìpù sínú táǹkì. Kí táǹkì ní ìdérí, kí ìmọ́lẹ̀ má wọ inú rẹ̀ kí ewédò má bàa hù, kí ẹ sì fi nẹ́ẹ̀tì bo gbogbo ihò rẹ̀ nítorí ẹ̀fọn. Ẹ máa fọ gọ́tà àti táǹkì lọ́dọọdún kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Tamil Nadu ní Íńdíà sọ gbígba òjò di dandan fún gbogbo ilé ní ọdún 2003, síbẹ̀ àwọn adágún mẹ́rin tó ń fún Chennai, olú ìlú wọn, lómi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán ní 2019. Gọ́tà tí ewé ti dí kò mọ̀ pé òfin wà.

Níbi tí odò ti ń ṣàn nígbà òjò nìkan, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ àpáta, ọgbọ́n àwọn ará Machakos àti Kitui ní Kẹ́ńyà yẹ ní wíwò. Wọ́n ń mọ ògiri kọ́ńkéré tí kò ga dí odò náà. Iyanrìn tí àgbàrá bá gbé wá á kún ẹ̀yìn ògiri, omi á sá pamọ́ sínú iyanrìn yẹn, oòrùn kò ní rí i fà, ẹ̀fọn kò sì ní rí ibi yé ẹyin sí. Páìpù tàbí kànga kékeré ni wọ́n fi ń gbà á jáde nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ pe ẹlẹ́rọ tó mọṣẹ́ kí ẹ tó dábàá irú ògiri bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ sọ ọ́ di mímu

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orísun rẹ̀. Kí ṣáláńgá jìnnà tó mítà 30 sí kànga, kí ìsàlẹ̀ ṣáláńgá sì ga ju ojú omi abẹ́ ilẹ̀ lọ ní mítà kan ààbọ̀ ó kéré tán. Kí kànga ní ògiri lẹ́nu, ìdérí, ilẹ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì tẹ́ yíká, àti ojú ọ̀nà tí omi tó bá dà sílẹ̀ máa gbà lọ. Kí okùn àti korobá kan ṣoṣo wà fún gbogbo ènìyàn, kí ó má sì máa kan ilẹ̀.

Nínú ilé, bí omi bá dàrú, ẹ jẹ́ kó sílẹ̀, kí ẹ sẹ́ ẹ. Ní àwọn abúlé kan ní Bangladesh, aṣọ ìró àtijọ́ tí àwọn obìnrin ká ní ìlọ́po mẹ́rin ó kéré tán láti fi sẹ́ omi dín àrùn onígbáméjì kù ní nǹkan bí ìdajì. Sísẹ́ nìkan kò pa kòkòrò àrùn tán o. Ẹ mú ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí tẹ̀ lé e:

Ẹ sè é títí tó fi hó yaya fún ìṣẹ́jú kan. Lórí òkè tó ga ju mítà 2,000 lọ, ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Tàbí kí ẹ lo bílíìṣì tí kò ní òórùn dídùn tàbí àwọ̀ nínú, tí wọ́n kọ 5 tàbí 6 nínú ọgọ́rùn-ún sí lára: ẹ̀kán méjì sí lítà kan, ẹ̀kán 40 sí korobá lítà 20. Ẹ rò ó pọ̀, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ó yẹ kí òórùn rẹ̀ ṣì máa jáde fẹ́ẹ́rẹ́. Bí kò bá jáde, ẹ fi iye kan náà sí i lẹ́ẹ̀kan sí i.

Tàbí kí ẹ lo oòrùn. Ẹ rọ omi tó mọ́ gaara sínú ìgò ike tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá, tí kò ju lítà méjì lọ, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí páànù fún wákàtí mẹ́fà. Bí ìkùukùu bá bo ju ìdajì ojú ọ̀run lọ, ọjọ́ méjì gbáko ni.

Ohun kan wà tí iná, oòrùn àti bílíìṣì kò lè mú kúrò: májèlé tó ti inú àpáta wá. Láti àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti ń gbẹ́ kànga páìpù ní Bangladesh kí àwọn ènìyàn lè bọ́ lọ́wọ́ omi odò ẹlẹ́gbin. Nígbà tó di àwọn ọdún 1990, ó hàn pé áséníìkì wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, omi tó mọ́ lójú tó sì dùn lẹ́nu. Wọ́n wọn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi ọ̀dà pupa kun ẹnu èyí tí ènìyàn kò gbọ́dọ̀ mu, wọ́n fi ọ̀dà àwọ̀ ewé kun èyí tó dáa. Ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀ fún áséníìkì jẹ́ máíkírógíráàmù 10 nínú lítà kan. Ti fúlóráìdì, tó ń ba eyín àti egungun jẹ́ ní apá Rift Valley ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà, jẹ́ mílígíráàmù 1.5. Kò sí ahọ́n tó lè tọ́ ọ wò mọ̀. Ẹ gbé omi kànga lọ fún àyẹ̀wò kí ọmọ kankan tó mu nínú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ bá àwọn àgbẹ̀ sọ̀rọ̀

Nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún omi aláìníyọ̀ tí àwọn ènìyàn ń fà lágbàáyé, oko ló ń lọ. Ẹni tó ń fún ilé ní lítà 15 tí kò wo oko rárá ń fi ìka di ihò abẹ́rẹ́ nígbà tí ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Òkun Aral ní Àárín Gbùngbùn Éṣíà, tó ti fìgbà kan jẹ́ ọ̀kan lára àwọn adágún tó tóbi jù láyé, súnkì di ìwọ̀nba díẹ̀ nítorí pé láti àwọn ọdún 1960 wọ́n ń darí omi odò méjèèjì tó ń bọ́ ọ sí oko òwú.

Ẹ máa bomi rin nǹkan ní ìdájí tàbí ìrọ̀lẹ́. Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ìdí ohun ọ̀gbìn. Páìpù tó ń kán sí ìdí igi kọ̀ọ̀kan sàn ju omi tí ẹ tú sílẹ̀ lójú poro. Lórí ilẹ̀ líle tí òjò máa ń fò lórí rẹ̀, ẹ gbẹ́ kòtò tó fẹ̀ tó sẹ̀ntímítà 20 sí 30, tó jìn tó 10 sí 20, kí ẹ da ìlẹ̀dú tàbí ìgbẹ́ ẹran sínú rẹ̀ kí òjò tó dé, kí ẹ sì gbin èso síbẹ̀. Yacouba Sawadogo, àgbẹ̀ kan ní Burkina Faso, fi irú kòtò yìí sọ ilẹ̀ aṣálẹ̀ di igbó, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Right Livelihood ní 2018.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Òfin, owó àti kọ́kọ́rọ́

Níbí ni ọ̀pọ̀ ètò omi ti ń kú, nítorí náà ẹ fara balẹ̀. Elinor Ostrom, obìnrin àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Nobel fún ètò ọrọ̀ ajé, ní 2009, fi ọ̀pọ̀ ọdún wo àwọn ènìyàn tó ń pín odò, pápá àti ibùdó ẹja lò káàkiri àgbáyé. Ó rí i pé ohun àjọní kì í ṣe dandan kó bàjẹ́. Ibi tó ti ń pẹ́ ni ibi tí àwọn tó ń lò ó ti fúnra wọn ṣòfin, tí wọ́n ń ṣọ́ ara wọn, tí ìjìyà sì ń bẹ̀rẹ̀ láti kékeré.

Ẹ yan ìgbìmọ̀ ènìyàn márùn-ún sí méje. Kí ìdajì wọn ó kéré tán jẹ́ àwọn tó ń gbé omi lérí lójoojúmọ́. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé òfin, àwọn ló mọ aago tí ìlà máa ń gùn àti ẹni tó máa ń gba ẹ̀yìn wọlé. Kí akápò má jẹ́ ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan kọ́ bí wọ́n ṣe ń tú ẹ̀rọ, kí ẹnì kejì kọ́ ọ pẹ̀lú rẹ̀, torí ẹni àkọ́kọ́ lè kó lọ sí ìlú ńlá.

Owó ńkọ́? Ẹ bi oníṣòwò ohun èlò iye tí rọ́bà, páìpù àti irin inú ẹ̀rọ yín jẹ́ àti bí wọ́n ṣe ń pẹ́ tó. Ẹ ṣe àròpọ̀ rẹ̀ fún ọdún kan, ẹ fi ìdajì rẹ̀ kún un, kí ẹ pín in fún iye ilé tó ń pọnmi. Kí ẹ máa gbà á lóṣooṣù, tàbí lẹ́yìn ìkórè níbi tí owó kì í ti í wà tẹ́lẹ̀. Opó àti arúgbó tí kò ní lè má san. Ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀ kí ó má di ojúsàájú. Ẹ lẹ ìṣirò owó mọ́ ibi tí gbogbo ènìyàn ti ń pọnmi. Ìjìyà fún ẹni tó bá tàpá sófin: ìkìlọ̀, lẹ́yìn náà owó ìtanràn díẹ̀, lẹ́yìn náà ó di ẹ̀yìn ìlà. Ẹ má ṣe fi omi mímu du ẹnikẹ́ni láé.

Ẹ rántí àwọn tó wà lókè odò àti nísàlẹ̀ odò. Ohun tí ẹ bá dí, àwọn kan ni ẹ dí i mọ́. Ẹ pè wọ́n sípàdé nígbà tí omi ṣì wà, kì í ṣe nígbà tó bá gbẹ.

Ìgbésẹ̀ keje: Bó bá ṣì kù, ẹ gbẹ́ ẹ

Tí ìwé yín bá fi hàn pé omi kò tó síbẹ̀, ẹ wá onímọ̀ omi abẹ́ ilẹ̀. Ẹ gba ìwé tó sọ bó ṣe jìn tó, irú àpáta tó bá pàdé àti ibi tí omi wà. Kí wọ́n fa omi náà fún ọ̀pọ̀ wákàtí láìdáwọ́ dúró kí ẹ lè mọ̀ bóyá yóò dúró. Kí ẹ̀rọ náà jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń ta ohun èlò rẹ̀ nítòsí. Èyí tó rẹwà tí ohun èlò rẹ̀ ń ti òkè òkun wá, ẹ dá a padà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Fún ẹ̀yin tí ẹ wà létí òkun

Lábẹ́ ilẹ̀ etí òkun, omi aláìníyọ̀ máa ń léfòó lórí omi oníyọ̀, torí pé èyí tó níyọ̀ wúwo jù. Fún mítà kan tí omi aláìníyọ̀ bá fi ga ju ojú òkun lọ, nǹkan bíi mítà 40 rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀. Bí ẹ bá wá fà á títí tó fi lọ sílẹ̀ ní mítà kan, iyọ̀ lè gòkè wá bá yín ní mítà 40. Nítorí náà, bí omi kànga bá bẹ̀rẹ̀ sí í níyọ̀, ẹ má gbẹ́ ẹ jìn sí i. Ẹ dín wákàtí tí ẹ fi ń fà á kù, kí ẹ pín fífà sórí kànga kéékèèké tó jìnnà síra. Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn iyọ̀ inú omi, kí ẹ máa kọ ohun tó bá sọ sílẹ̀ lóṣooṣù.

Ilé iṣẹ́ tó ń yọ iyọ̀ kúrò nínú omi òkun ń gba iná púpọ̀, omi iyọ̀ kíkan tó ń ṣẹ́ kù sì gbọ́dọ̀ níbi tó ń lọ. Bí ẹ bá ní in, ẹ má fi gbogbo ara tì í. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2014, iná jó ilé iṣẹ́ irú rẹ̀ ní Malé, olú ìlú Maldives, ó sì fi àwọn ènìyàn tó ju 100,000 lọ sílẹ̀ láìlómi.

Ẹ má gé àwọn igi tí gbòǹgbò wọn ń dúró nínú omi iyọ̀ létí ọ̀sà. Wọ́n ń dá ìgbì dúró, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ẹja ń tọ́ ọmọ.

Fún ẹja, ẹ gbìyànjú ohun tí àwọn ará Andavadoaka ní Madagáskà bẹ̀rẹ̀ ní 2004. Wọ́n ti apá kan ibi tí wọ́n ti ń mú ẹran omi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ (octopus) pa fún oṣù díẹ̀. Ẹran náà máa ń tètè dàgbà, nígbà tí wọ́n ṣí i padà, èyí tí wọ́n mú tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àwọn abúlé mìíràn sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ mú ibi kékeré kan, kì í ṣe gbogbo òkun. Ẹ yan irú ẹja tó ń tètè dàgbà. Kí ẹ̀yin apẹja fúnra yín mú ọjọ́ títì àti ọjọ́ ṣíṣí, kí ẹ sì sọ fún àwọn abúlé tó bá yín pààlà kí wọ́n má wá fi òru ká a. Ẹ wọn ohun tí ẹ mú ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú títì, kí ẹ tún wọn ti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ṣíṣí. Bí ọkọ̀ apẹja ńlá bá wọ ibẹ̀, ẹ kọ àmì ara rẹ̀, ọjọ́ àti wákàtí sílẹ̀, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ẹja pípa kí ọkọ̀ náà tó dé èbúté.